Ìyáìlù Kò Gbọdọ̀ Yadi Nínú Ilé: Bí A Ti Ń Yan Sípíkà àti Ańpílífáyà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Kí ọ̀mọ̀ràn tó lè mọ ohun tí ìlù ń wí, ó di dandan kí ìlù náà kọ́kọ́ dé etí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Nígbà tí onílù bá dúró ní àgbàlá, èyí kì í ṣe ìṣòro. Láyé òde òní, inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń gbọ́ ìlù. Bí àpótí náà bá jẹ́ akólòlò, ọ̀mọ̀ràn kò ní ohun tí yóò mọ̀, ọlọ́gbọ́n kò sì ní mọ ohun tí òun ń jó sí.

Ẹ fi ojú inú wo ilé kan tí àwọn ọmọ ti péjọ láti ṣe ìrántí bàbá wọn tí ó ti ṣaláìsí. Bàbá náà fẹ́ràn àpàlà nígbà ayé rẹ̀, ó sì ní àwo orin kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, nítorí pé olórin náà dárúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀, ìyáìlù sì ki oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àkọ́bí ọkùnrin ti da orin inú àwo náà sínú fóònù, ó sì ti ra ẹ̀rọ tuntun kan tí sípíkà rẹ̀ ga tó èjìká ọmọdé. Ó gbé wọn sí kọ̀rọ̀ iyàrá méjèèjì, ó yí báàsì dé òpin, ó sì tan orin. Ilé mì tìtì. Gíláàsì ń jó lórí tábìlì. Ìyá arúgbó tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ gbé ọwọ́ lé etí.

“Ẹ bá mi pa á. Ẹ gbé rédíógíràmù bàbá yín wá fún mi.”

“Màmá, ìyẹn ti kú tipẹ́tipẹ́. Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni èyí o!”

“Kí wáàtì máa ṣe tirẹ̀, ọmọ mi. Ariwo ni èyí ń pa, kò sọ̀rọ̀. Oríkì bàbá yín ni mo fẹ́ gbọ́.”

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ń wáyé nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ní ọjọ́ ìrántí. Owó ti jáde, ẹ̀rọ ti wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Ìyá náà kò kọ́ nípa ẹ̀rọ rí, síbẹ̀ òun ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí olùrà mọ̀ kí ó tó ti ilé jáde: ariwo yàtọ̀ sí ohùn.

LÁTI ORÍ GIRAMAFÓÒNÙ

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú àpótí. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ẹ̀sìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Giramafóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ wín, tí kò lo iná mànàmáná, tí kò sì ní ańpílífáyà kankan nínú. Abẹ́rẹ́ ni ó ń gbọ̀n lórí àwo, ọ̀nà ihò tí ó fẹ̀ lẹ́nu bíi kàkàkí ni ó sì ń gbé ohùn náà jáde.

Ní 1935 ni Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, wáyà sì ń so ó mọ́ ilé-iṣẹ́. Onílé ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá wo àpótí náà dáadáa yóò rí i pé sípíkà lásán ni. Ilé-iṣẹ́ ni ańpílífáyà wà. Bí Yorùbá ti gbọ́ pé àpótí yìí ń sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè dá a lóhùn, wọ́n sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Lẹ́yìn èyí ni àwo ńlá tí ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan dé, láti 1948. Àwo sitẹrió, èyí tí ń gba ọ̀nà méjì sọ̀rọ̀, sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1958. Ní 1975 tí owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, sitẹrió wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ fi owó náà rà. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun ẹ̀ṣọ́ pálọ̀, tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ léèsì lé lórí, tí àlejò sì fi ń mọ̀ pé ọwọ́ onílé ti tó ẹnu. Kásẹ́ẹ̀tì dé, CD dé, fóònù sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí a fi ń tọ́jú orin ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sípíkà àti ańpílífáyà kò yí padà: ańpílífáyà ń fún ohùn lágbára, sípíkà sì ń sọ agbára náà di atẹ́gùn tí ń lu etí.

IBI TÍ ÌLÙ TI Ń SỌ̀RỌ̀

Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí ìrìn-àjò, ọkọ sì ni aya ń bá gbé. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni ó pín wọn níyà. Ìyáìlù dùndún kò ní ètè, kò sì ní ahọ́n. Ọsán tí onílù ń fún mọ́ ìhà, tí ó sì ń dẹ̀, ni ó fi ń mú ohùn gòkè, tí ó sì ń mú un sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àyàn tilẹ̀ máa ń sọ pé igi tí ó bá hù sí etí ọ̀nà ni ó dára jù láti gbẹ́ ìlù, nítorí pé igi bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn pẹ́. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí èyí kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ó wà nídìí rẹ̀: ọ̀rọ̀ ni ìyáìlù wà fún.

Nígbà náà, bí sípíkà kan bá ń sọ gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ di ohùn kan ṣoṣo, ó ti pa ọ̀rọ̀ run. Èyí gan-an sì ni àpótí olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣe. Pákó rẹ̀ fẹ́lẹ́, ihò ara rẹ̀ kò ní ìwọ̀n, ó sì ní ohùn tirẹ̀ kan tí ó fẹ́ràn láti máa dún. Ohun yòówù tí onílù ìbáà lù ní ìsàlẹ̀, “gbì, gbì, gbì” ni àpótí yóò máa dá lóhùn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù lè máa yọ̀ pé báàsì pọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ ti di ohun kan náà.

Ìlù sì kì í dá sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ìlù ń gbè é, ṣaworo ń dún létí awọ. Nínú àpàlà, àgídìgbo ń gbé ìdí orin dúró, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń fọ́n ohùn tirẹ̀ sókè bí ìgbà tí òjò bá ń pa páànù. Nínú sákárà, gòjé ń ké bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ há. Sípíkà tí ó bá yẹ ilé Yorùbá ní láti fún olúkúlùkù ní àyè rẹ̀.

SÍPÍKÀ NI KÍ A KỌ́KỌ́ YÀN

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn ra ańpílífáyà tán kí ó tó wá sípíkà kiri. Ọmọ tí a fẹ́ bọ́ ni a ń kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó wọn oúnjẹ. Láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, sípíkà ni ó ń yí ohùn padà jù. Ańpílífáyà méjì tí ó dára lè jọra létí, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí sípíkà méjì jọra.

Kí olùrà mú orin tí ó mọ̀ dunjú lọ sí ọjà, kì í ṣe orin tí ọlọ́jà fẹ́ kí ó gbọ́. Àwo Haruna Ishola kan, ti Yusuf Olatunji kan àti ti I. K. Dairo kan tó láti dán ẹ̀rọ wò. Kí ó bẹ ọlọ́jà pé kí ó dá báàsì àti tírẹ́bù padà sí àárín, kí ó sì jẹ́ kí ohùn wà níwọ̀n bí ẹni méjì tí ń sọ̀rọ̀. Kí ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ǹjẹ́ ó ń gbọ́ ohun tí ìyáìlù ń wí? Ǹjẹ́ ohùn àgídìgbo ń yí padà láti orí irin kan sí òmíràn, tàbí ohùn kan náà ni? Ǹjẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kẹ̀ lára akèrègbè, àbí bí ẹni ń din ẹ̀pà? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu olórin ṣe ketekete láìjẹ́ pé a yí ohùn sókè? Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kọjá sí ìsọ̀ mìíràn.

Kí ó tún fi ìka kan àpótí. Bí ó bá dún bí agolo òfìfo, irọ́ ni yóò máa pa. Àpótí tí ó wúwo, tí pákó rẹ̀ nípọn, ni ó ń jẹ́ kí ohùn ti ibi tí ó yẹ jáde. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí ó ṣí aṣọ iwájú rẹ̀, kí ó wo etí tí ó yí wúfà ká. Èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe máa ń jẹrà bí ọdún bá ti gorí ọdún, pàápàá níbi tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe máa ń pẹ́ jù ú lọ.

WÁÀTÌ ÒTÍTỌ́ ÀTI WÁÀTÌ ẸNU

Ọ̀rọ̀ wáàtì ni ó ń ba ọ̀pọ̀ olùrà lọ́kàn jẹ́. Àpótí kan lè gbé 3000 wáàtì kọ́ ọrùn, kí lẹ́tà PMPO sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìlànà kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí tí a fi ń wọn PMPO, nítorí náà iye tí ó bá wu ẹni tí ó ṣe é ni ó lè kọ. Èyí tí ó yẹ kí a wá ni RMS, tí ó ń sọ agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró. Ọ̀nà kan tún wà láti mú òpùrọ́ níbi tí ó sá sí. Kí olùrà yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà, kí ó ka iye iná tí ó ń jẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 60 wáàtì ni ó ń gbà lára iná, kò lè máa bí 1000 wáàtì. Ohun tí kò wọlé kò lè jáde.

Agbára nìkan kọ́ ni ó ń mú ohùn tóbi. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní iye kan tí wọ́n ń fi dẹ̀síbẹ̀lì kọ. Ó ń sọ bí ohùn rẹ̀ yóò ti tó bí a bá fún un ní wáàtì kan, tí a sì jókòó sí mítà kan sí i. Omíràn jẹ́ 86, òmíràn 89, òmíràn 92. Ní gbogbo ìgbà tí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ni ó ń lé. Nítorí náà, sípíkà tí ó jẹ́ 92 yóò fi 20 wáàtì ṣe ohun tí èyí tí ó jẹ́ 86 yóò fi 80 wáàtì ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó kúrò ní 50 wáàtì tí ó lọ ra 100, pẹ̀lú owó ńlá, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Kí ohùn tó lè dún bí ìlọ́po méjì létí ènìyàn, agbára ní láti tó ìlọ́po 10.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ańpílífáyà tí kò lókun. Ìlù ń fẹ́ àyè láti fò. Bí orin bá ń lọ jẹ́jẹ́ lórí wáàtì 2, ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá bọ́ sí awọ, ó lè béèrè 20 lójijì. Bí ańpílífáyà kò bá ní in, yóò gé orí ohùn náà, ìlù yóò sì máa dún bí ẹni ń fọ́ ìgbá. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ooru rẹ̀ yóò jó twíta, sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn òkè jáde. Èyí ni ó fà á tí ańpílífáyà kékeré tí wọ́n yí dé òpin fi máa ń ba sípíkà jẹ́ ju ńlá tí wọ́n rọra lò lọ. Fún pálọ̀ tí kò ju mítà 4 sí 5 lọ, ańpílífáyà tí ó ní 30 sí 50 wáàtì òtítọ́ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sípíkà tí ó tó nǹkan bí 90, ti tó ìdílé.

Óòmù ni ó kù. Ọ̀pọ̀ sípíkà ilé jẹ́ óòmù 8, àwọn mìíràn 6 tàbí 4. Bí iye náà bá ti ń kéré sí i ni iná tí sípíkà ń fà lára ańpílífáyà ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó so sípíkà 8 méjì pọ̀ mọ́ ojú kan náà ti sọ ọ́ di 4. Bí ańpílífáyà náà kò bá ju 8 lọ, yóò gbóná, fíúsì rẹ̀ yóò sì já, tàbí kí ó jóná pátápátá. Kí a ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ méjèèjì kí a tó so wọ́n pọ̀. Ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí: a ń ṣe ìwádìí ìdílé ọ̀tún àti ti òsì.

ẸNI TÍ Ó NÍ ÀWO ÀTIJỌ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ní àwo bàbá wọn nínú àpótí. Kí wọ́n mọ̀ pé ohùn tí ń ti orí abẹ́rẹ́ wá kéré púpọ̀, ó sì nílò ojú tirẹ̀ tí a kọ PHONO sí. Bí a bá kì í bọ ojú AUX, ohùn yóò tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì sọnù, onílé yóò sì rò pé àwo ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ańpílífáyà tuntun kò ní PHONO mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a lè rà sí i láti ṣe iṣẹ́ náà.

Ewu mìíràn wà nínú tòkunbọ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, ti Jàpáànù 100, ti Nàìjíríà 230. Ẹ̀rọ tí ó bá ti òkè òkun bẹ́ẹ̀ wá yóò jóná lójú ẹsẹ̀ bí a kò bá lo tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà pàápàá kò lè wo gbogbo àrùn. Iná Amẹ́ríkà ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Nàìjíríà 50. Àwọn ẹ̀rọ àwo kan wà tí ìyípo iná yìí gan-an ni ó ń darí eré wọn. Wọn yóò máa falẹ̀ níhìn-ín, ohùn olórin yóò sì sọ̀ kalẹ̀ bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn.

IBI TÍ A GBÉ E KALẸ̀ SÍ

Ẹ̀rọ tí ó dára lè bàjẹ́ nítorí ibi tí a gbé e sí. Kọ̀rọ̀ iyàrá máa ń wú báàsì. Kí a fà sípíkà síwájú kúrò lára ògiri, kí twíta rẹ̀ wà ní ọ̀gangan etí ẹni tí ó jókòó, kí ààyè tí ó wà láàárín sípíkà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wà láti ọ̀dọ̀ wọn dé ibi àga. Kí a so wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Bí a bá gbé ẹ̀yìn ọ̀kan síwájú, àwọn sípíkà méjèèjì yóò máa ta ko ara wọn, ìsàlẹ̀ orin yóò sì pòórá. Aṣọ títa, tìmùtìmù àti ẹní ilẹ̀ máa ń gba ìró tí ògiri lásán ìbá máa dá padà.

Aládùúgbò sì ń bẹ. Láyé àtijọ́, onílù kì í dédé wọ àgbàlá onílé ní òru. Ó ní ìdí tí ó fi ń lù, ó sì ní ìgbà tí ó ń dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó ra sípíkà kò ra etí ará ilé kejì mọ́ ọn. Etí tirẹ̀ pàápàá kì í ṣe irin: ohùn tí ó bá tó dẹ̀síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójoojúmọ́ lè di ètí mú díẹ̀díẹ̀, etí tí ó bá sì ti bàjẹ́ báyìí kì í padà bọ̀ sípò.

Nípa ti ilé ìyá arúgbó tí a ti sọ ṣáájú, kò sí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ mìíràn lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọmọ kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ atúnrédíòṣe dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ jẹ́ kí n tún un wò.” Ó wọ́ àpótí méjèèjì kúrò ní kọ̀rọ̀, ó dá báàsì padà sí àárín, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ títí gíláàsì fi dákẹ́ lórí tábìlì. Orin náà tún bẹ̀rẹ̀. Kò dára tó ti rédíógíràmù, nítorí pé àpótí fẹ́lẹ́ ni àpótí fẹ́lẹ́ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí olórin ti dárúkọ olóògbé, tí ìyáìlù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìyá náà ta kìjí, ó na ọwọ́ sókè, ó ń sọ oríkì ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé ìlù ní ẹyọ-ẹyọ. Àwọn ọmọ tí wọn kò gbọ́ ọ rí jókòó tì í, wọ́n ń kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí sípíkà ṣe nìyẹn. Bí ó bá lè ṣe é, kí a san owó rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, bí ó ti wù kí ó ga tó, kí a fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.